Wọ́n ní mo ní hẹpatáítìsì B, dókítà ò sì kọ oògùn kankan fún mi. Ṣé kí n kàn máa wò ó ni?

Bàbá_Ìkókó · Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó bá mi dá sí i. Ó ti di òru kẹta tí mi ò fojú kan oorun.

Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù kẹjọ, àkọ́bí wa sì ni. Ọsibítù tó ti forúkọ sílẹ̀ ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Mo débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n gún mi níka, wọ́n ní kí n jókòó. Àwọn tí a jọ wọlé ti fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti ń mu mọ́ọ̀tì tí wọ́n fún wọn, èmi ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin láàbù kan pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó na bébà pélébé kan sí mi. Wọ́n kọ "HBsAg: Reactive" sí i. Ó ní, "Bọ̀dá, a ò lè gba ẹ̀jẹ̀ yín o. Hẹpatáítìsì ni."

Mo lọ rí dókítà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. ALT mi jẹ́ 27, AST 25 (àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀), platelet, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, 212. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ò tíì ṣe nǹkan kan, kí n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tí yóò ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, kí n sì padà wá. Ó tán. Kò kọ bí i pánádóòlù sílẹ̀.

Ohun tí kò yé mi nìyí: tí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ bá wà nínú mi, kí ni wọ́n ń dúró dè tí wọn ò fi pa á? Alájọgbé wa ní àìsàn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, pé kí n yáa wá oògùn tí yóò mú ara mi le kó lè bá a jà. Àǹtí ìyàwó mi tó wá bá wa gbé sì ti ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀. Ó fi pẹ́ńtì pupa sàmì sí ìdí ife náà.

Nọ́ọ̀sì_Fadékẹ́ · 10:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìkókó. Ẹ kọ́kọ́ kó abọ́ yín padà sáàárín abọ́ ilé. Abọ́, síbí, ife, ìdìmọ́ra, àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí èyí tó ń kó hẹpatáítìsì B ranni nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn, àti ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ. Abẹ ìfárùngbọ̀n àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yín ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ sì máa mú abẹ tiyín lọ sọ́dọ̀ bábà.

Tiyín kọ́ ló ká mi lára jù lálẹ́ yìí, ti ìyàwó yín ni. Ẹ wo káàdì aláboyún rẹ̀. Wọ́n á ti kọ àbájáde HIV síbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé HBsAg, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì hẹpatáítìsì B, náà wà níbẹ̀? Tí kò bá sí, kó lọ ṣe é lọ́la. Tí kò bá ní in, kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lójú ẹsẹ̀: ọ̀kan báyìí, ọ̀kan lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Oyún ò dí i lọ́wọ́. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn tó bá délé ayé, yálà ìyá ní in tàbí kò ní in.

Ọmọ_Ìyá_Elewé · 10:40 alẹ́

Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ, ó dáa. Ọkọ wá ńkọ́? Ìyá mi ta ewé fún ọdún tó ju ogójì lọ. Mo rí àwọn tí ojú wọn pọ́n, tí ìtọ̀ wọn pọ́n, tí wọn ò lè gbé ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oyìnbó ní kẹ́ ẹ lọ jókòó, àrùn ò jókòó. Ẹ wá nǹkan tí yóò ta àjẹsára yín jí, kí ara fúnra rẹ̀ lé e jáde. Ara ló ń wo ara sàn.

Àgbà_Ìjẹ̀bú · 11:21 alẹ́

Ọmọ Ìyá Elewé ò parọ́. Lọ́dún 1989, mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gbé mi dè. Ìtọ̀ mi dúdú bíi Coke, ara ń yún mi títí mo fi ń fi ṣúkù àgbàdo họ ẹ̀yìn. Ìyá ìyàwó mi gbé ìkòkò àgbo wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Kó tó pé oṣù kan, ara mi ti yá, mo ti padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́dún 2016 tí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọ́n ní kò sí hẹpatáítìsì B lára mi mọ́, ṣùgbọ́n ipasẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, pé mo ti ní in rí. Ta ló lé e lọ bí kì í bá ṣe àgbo?

OníLáàbù · Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n àrùn yìí ni mò ń fi ojú rí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún tí ara wọn dá tí wọ́n bá kó kòkòrò yìí, bí márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni ara wọn ń lé e lọ, yálà wọ́n mu àgbo, wọ́n mu tíì, tàbí wọn ò mu nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọmọ tuntun tó kó o lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí: nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni kòkòrò náà ń bá gbé títí. Ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í pọ́n. Kì í ṣe ibà. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó lọ sílé ìwé, ó gbéyàwó, ó lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n na bébà pélébé sí i.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti dojú dé. Ẹni tí ara rẹ̀ lágbára ló ń pọ́njú, ìkókó tí ara rẹ̀ ò tíì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ kò mọ nǹkan kan lára. Tó bá jẹ́ pé kòkòrò náà ló ń jẹ ẹ̀dọ̀, ìkókó ni ì bá kọ́kọ́ kú.

Orúkọ tí a fún un ló ṣì wá lọ́nà. A ń pè é ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ bí ẹni pé ó ní eyín. Kò ní. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ń gbé, ó ń fi ilé onílé ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, kò sì ba ilé náà jẹ́. Ọmọ ogun ara wa ló ń wá a débẹ̀. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mú un ni kí wọ́n pa sẹ́ẹ̀lì tó fara pamọ́ sí. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pa ló ń da ohun inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni a ń wọ̀n tí a ń pè ní ALT. Nítorí náà, ALT kò sọ iye kòkòrò tó wà nínú yín. Bí ogun ṣe le tó ló ń sọ.

Wọ́n ti dán an wò. Ní California, wọ́n tọ́ eku tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ kòkòrò yìí sínú ara rẹ̀ láti inú oyún. Ara eku náà rò pé ara òun ni, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ọmọ ogun láti ara eku mìíràn tó ti mọ kòkòrò náà ní ọ̀tá, tí wọ́n gún un sí i lára, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú. Lọ́dún 2003, wọ́n tẹ àbájáde mìíràn jáde nípa ìnàkí. Wọ́n kó kòkòrò B ràn án, wọ́n sì yọ irú ọmọ ogun kan tí a ń pè ní CD8 kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò wú, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ò lọ. Nígbà tí CD8 padà dé, ẹ̀dọ̀ wú, kòkòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ọwọ́ kan náà tó ń lé olè ló ń fọ́ ilé.

Ẹ wá wo bébà yín. Ìṣirò kan wà tí a ń pè ní APRI tí ń fojú díwọ̀n àpá inú ẹ̀dọ̀. Ẹ fi 40, òkè tí láàbù fi sí AST, pín AST 25, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 212, iye platelet yín, pín in. Yóò fún yín ní nǹkan bí 0.29. Tí kò bá ti ju 0.5 lọ, àpá ńlá ò jọ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí dókítà yín rí nìyẹn. Ogun ò jà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó kan kọ́kọ́ fẹ́ mọ iye ọ̀tá tó wà nínú igbó ni.

Ọmọ_Ìyá_Elewé · 7:33 àárọ̀

OníLáàbù, ẹ ṣé, ẹ ti gbè mí lẹ́sẹ̀. Ẹ ní ara ló ń lé e. Kí ni mo sọ lánàá? Ẹ ta ara jí!

OníLáàbù · 7:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ta ara jí sí ibo? Ẹni tí kòkòrò bá bá gbé fún ọgbọ̀n ọdún, kì í ṣe pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń sùn. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n ti rí ọ̀tá náà títí, ara ti fi bíréèkì sí wọn lẹ́sẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ń fi gbogbo agbára jà fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀dọ̀ ì bá ti tán. Bíréèkì ọ̀hún ní orúkọ, PD-1 ni wọ́n ń pè é, àwọn onímọ̀ sì wà tó ń wá bí wọ́n ṣe máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Oògùn tó ń ta wọ́n jí wà. Interferon ni. Abẹ́rẹ́ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48, ibà, ara ríro, ọkàn rírẹ̀wẹ̀sì. Díẹ̀ ló sì ń bọ́ pátápátá. Dókítà kì í fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti di àpá tó ń daṣẹ́ sílẹ̀, torí ogun tó bá ru sókè níbẹ̀ lè pa onítọ̀hún. Èyí tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n ń ṣọ́, nìyẹn o. Èyí tí a bù nínú ìkòkò ńkọ́?

Títí_Abẹ́òkúta · 9:18 àárọ̀

Mo fẹ́ sọ ti ìyá mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Làkúrègbé ló ń da mọ́mì láàmú. Obìnrin kan ní kẹ́míìsì máa ń di oògùn sínú ọ̀rá kékeré fún wọn: kóró funfun méjì, aláwọ̀ ewé kan, àti àwọn wẹ́wẹ́ kan. Orúnkún sàn bí idán. Wọ́n ń jó ní òde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ, a ní wọ́n ń sanra. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi lò ó. Obìnrin náà kó lọ sí Èkó, oògùn sì dá dúró.

Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tí ojú wọn fi pọ́n. A rò pé ibà ni. Nígbà tí a dé ọsibítù, ALT wọn ti kọjá 1,400. Hẹpatáítìsì B ni, àwọn wẹ́wẹ́ ọ̀hún sì ni dexamethasone, stẹ́róídì kan. Dókítà ṣàlàyé pé oògùn náà ló de ọwọ́ ọmọ ogun ara fún oṣù mẹ́fà, kòkòrò rí àyè bí sí i. Ọjọ́ tí oògùn dá dúró ni ọmọ ogun jí, wọ́n bá gbogbo ilé tó kún fún ọ̀tá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa á lápapọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àti tenofovir, oògùn tó ń dá kòkòrò B dúró. Wọ́n ṣì ń lò ó di òní.

Ẹni tó bá ti ní kòkòrò yìí kó sá fún stẹ́róídì bí ẹni ń sá fún ejò. Ó wà nínú oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ sísan, ó wà nínú "kọ́ńbà" kẹ́míìsì, mo sì ti gbọ́ pé àwọn kan ń lọ̀ ọ́ sínú àgbo.

Akin_Peckham · 11:47 àárọ̀

Àǹtí Títí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí ẹ̀dọ̀ máa sá fún stẹ́róídì o, torí òun ló gba ìyàwó mi là níbí.

Tiẹ̀ kì í ṣe kòkòrò rárá. Wọ́n wá A, wọ́n wá B, wọ́n wá C, wọn ò rí nǹkan kan, ẹ̀dọ̀ sì ń wú. Ìgbà tí wọ́n gún un, tí wọ́n mú ẹran ẹ̀dọ̀ bíńtín wò, ni wọ́n ní ọmọ ogun ara rẹ̀ ló kàn dédé gbógun ti ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀. Autoimmune hepatitis ni wọ́n pè é. Prednisolone, ìyẹn stẹ́róídì, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá fi azathioprine, oògùn mìíràn tí ń de ọmọ ogun, kún un. Láàárín oṣù mélòó kan, ALT wálẹ̀ látorí 800 sí 31. Láìsí stẹ́róídì, mi ò mọ ibi tí à bá wà.

Ohun kan tí mo rí kà nígbà tí mo ń wá ojútùú kiri: lọ́dún 1969 ní Cambridge, Roy Calne, dókítà oníṣẹ́ abẹ, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan sínú ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn, wọn ò fún un ní oògùn tí ń de ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba ẹ̀dọ̀ àjòjì náà láì janpata. Kíndìnrín tàbí awọ kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń pẹ̀tù sí ogun.

OníLáàbù · 12:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Akin, ó wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a bá jẹ, tí a bá mu, láti inú ìfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ló ń gbé e lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀ kó tó dé ibikíbi. Oúnjẹ ni, oògùn ni, èérún kòkòrò inú ìfun ni. Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè. Oníbodè tó bá ń mú gbogbo àjòjì tó ń wọlé, ọjà ìlú náà á tú. Nítorí náà, wọ́n ti kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀dọ̀ láti fojú fo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ibi tí B ti rí ilé gbé nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Fadékẹ́ · 1:15 ọ̀sán

Àǹtí Títí àti Bọ̀dá Akin, ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ta ni ọmọ ogun ń bá jà. Tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ tí kò ṣẹ̀ ni, ẹ de wọ́n lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ B ló wà níbẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ dè wọ́n láì kọ́kọ́ fi oògùn dá B dúró. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ṣe HBsAg fún ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ stẹ́róídì ọlọ́jọ́ gígùn tàbí oògùn jẹjẹrẹ. Ó sì dá mi lójú pé wọ́n ṣe é fún ìyàwó Bọ̀dá Akin.

OníLáàbù, mo fẹ́ tún nǹkan kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. 40 tẹ́ ẹ ń lò lórí bébà láàbù ti ga jù fún ALT. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2024 fi 30 ṣe òkè fún ọkùnrin, 19 fún obìnrin. 27 Bàbá Ìkókó ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Obìnrin tó bá gba 27 tí láàbù kọ "normal" sí i, ẹ jọ̀ọ́, kó bi dókítà dáadáa.

Bàbá Ìkókó, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Nínú ìdílé yín, ǹjẹ́ ẹnì kan ti kú tí inú rẹ̀ wú? Tàbí tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀?

Kọ́lá_Ìlọrin · 2:40 ọ̀sán

Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ tenofovir kó má dédé dá a dúró o. Àbúrò mi lo tirẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n ka kòkòrò, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n gbàdúrà fún un níbì kan, ó jẹ́rìí, ó da ike oògùn sínú àkìtàn. Oṣù kẹrin, ojú pọ́n. Ó wà láyé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà.

Mo ní ìbéèrè: tí wọn ò bá rí kòkòrò mọ́, ibo ló ti padà wá?

OníLáàbù · 3:05 ọ̀sán

Kọ́lá, ìwé àkọ́kọ́ kan wà tí kòkòrò náà máa ń fi pamọ́ sínú kókó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, cccDNA ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀dà ti ń jáde. Tenofovir àti entecavir ń gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé, wọn ò ya ìwé. Ọjọ́ tí ẹ bá dá bírò padà, ó tún ń kọ.

Àdùkẹ́_Ọlọ́mọméjì · 4:22 ìrọ̀lẹ́

Èmi ni mo ní tèmi, ọkọ mi ò ní. Mo fẹ́ kí Bàbá Ìkókó gbọ́ ti obìnrin.

Oyún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi rí i. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi pọ̀, ó ju mílíọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ ALT mi ò ju 17. Mo ní kí ló dé? Ẹ̀yin lẹ wá jẹ́ kó yé mi lónìí: ara mi ti gbà á lálejò láti kékeré. Láti oṣù keje ni wọ́n ti fún mi ní tenofovir kí kòkòrò tó lè dínkù dé ọjọ́ ìbí. Kò dí ọmú lọ́wọ́. Ọmọ méjèèjì gba abẹ́rẹ́ wọn nínú yàrá ìbímọ, wọ́n parí ìyókù nínú pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ tó kó àjẹsára márùn-ún pọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá. Mo fún àwọn méjèèjì lọ́mú. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì fún wọn lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, kò sí lára ìkankan.

Bàbá Ìkókó, ẹ fi paraga sílẹ̀, ọtí èyíkéyìí sì ni. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu, ẹ má ṣà á, ẹ dà á nù. Oró tó wà nínú èèhù yẹn àti B máa ń gba ara wọn lọ́wọ́ láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nínú kúlíkúlí, ojú ò lè mọ̀ ọ́n.

Bàbá_Ìkókó · 10:51 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí ìyàwó mi náà kà á. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ife mi láàárín àwọn yòókù nígbà tí mo fẹ́ mu omi.

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín ló gbé mi jókòó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú lọ́dún 2004. Inú wọn wú bíi ti aláboyún, ẹsẹ̀ wọn gbẹ bí igi ìgbálẹ̀. Wọn ò ju ẹni ọdún méjìlélógójì lọ. Nínú ilé, wọ́n ní wọ́n fi oúnjẹ ṣe é ni. Ìyàwó kékeré ló gbọ́únjẹ lọ́sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n sì lé jáde kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Mo wà níbẹ̀, mo ti dàgbà tó láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó gbé àpótí kan, ó sì fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Fadékẹ́ · 11:10 alẹ́

Ẹ lọ sọ ọ́ fún dókítà yín bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, nítorí ó lè yí ìpinnu padà. Ìlànà 2024 ka ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀ tó di àpá bá wà nínú ìdílé rẹ̀ mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n fún lóògùn, bí ALT ò tilẹ̀ ga. Kí àwọn ọmọ ìyá yín àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín náà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.

OníLáàbù · 11:32 alẹ́

Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́nà Nọ́ọ̀sì díẹ̀ nìyí: kò sí ìwé tó sọ ohun tó pa bàbá náà. Inú wíwú lè wá láti ọ̀dọ̀ kíndìnrín, ọkàn, tàbí ikọ́ ife tó wọ ikùn. Èmi á kọ́kọ́ fẹ́ kó ṣe skan àti FibroScan, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, kó sì ka kòkòrò. Oògùn ojoojúmọ́ tí a ò mọ ọjọ́ tó máa parí kì í ṣe ohun tí à ń fi ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fadékẹ́ · 11:40 alẹ́

Ẹni ọdún méjìlélógójì, inú wú, ẹsẹ̀ gbẹ, ọmọ àbúrò rẹ̀ ní B. OníLáàbù, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ìyẹn pe kíndìnrín.

Bàbá_Ìkókó · Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 8:03 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó mi ti bí! Obìnrin ni. Tẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi fi hàn pé kò ní in, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ méjì.

Aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́rú ló bí. Mo béèrè abẹ́rẹ́ ọmọ ní aago méje. Wọ́n ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ abẹ́rẹ́, pé ìgò kan ọmọ mẹ́wàá ló wà fún, àwọn ò lè torí ẹnì kan ṣí i. Mo rántí wákàtí 24 Nọ́ọ̀sì. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, mo ní mi ò lọ. Ní aago mọ́kànlá, mátírọ́ọ̀nù kan kọjá, ó gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ó ní, "Ẹ ṣí i." Wọ́n wá pe àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn tó bí lóru náà, wọ́n gún gbogbo wọn.

Èmi: kòkòrò jẹ́ 640, skan dáa, FibroScan dáa. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Dókítà dákẹ́ díẹ̀, ó ní tí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, òun ì bá ti sọ̀rọ̀ oògùn. A jọ jókòó sọ ọ́, mo sì gbà láti bẹ̀rẹ̀ tenofovir, kóró kan lójúmọ́, kí n máa ṣe skan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àbúrò mi ọkùnrin náà ní in. Àbúrò mi obìnrin ò ní. Nínú ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà nílé, ẹnì kan ní in.

Ìyàwó kékeré ọjọ́sí ṣì wà láyé. Wọ́n ní ó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ìkìrun. Mi ò tíì mọ ohun tí màá wí fún un.

Nọ́ọ̀sì_Fadékẹ́ · 8:30 alẹ́

A kú oríire ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó.

Kẹ́ ẹ tó ronú ohun tẹ́ ẹ máa wí, ẹ mú owó tẹ́ẹ̀sì dání lọ sí Ìkìrun, ti òun àti ti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn náà bá a gbélé.